Koríko Onígun Mẹ́ta Nínú Ọgbà Olómi: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Mí Lẹ́nu Géètì

Ìsàlẹ̀ àgbàlá mi ní Àkúrẹ́ dà gẹ̀rẹ̀ sí ibi tí omi kékeré kan ti ń ṣàn lọ pàdé Odò Àlà. Nígbà tí mo ra ilẹ̀ náà, gbogbo ẹni tó bá mi débẹ̀ ló ní kí n ra ilẹ̀ pupa típà mẹ́wàá, kí n fi dí i pa. Mi ò rà á. Mo fi koríko tí mo bá níbẹ̀ sílẹ̀, mo sì gbin díẹ̀ kún un. Láti ìgbà náà, àwọn èèyàn ò yéé dúró lẹ́nu géètì béèrè ohun tí mò ń ṣe. Àwọn ìbéèrè tó ń padà wá jù nìyí.

Koríko wo gan-an lẹ ń sọ?

Ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ kàn lè má mọ̀ pé ẹbí kan náà ni wọ́n. Ọ̀fíò tí àwọn Hausa ń tì kiri nínú bárò wà lára wọn. Dáńdá tó ń da àgbẹ̀ láàmú wà lára wọn. Lábẹ́lábẹ́ tó máa ń ya èèyàn lẹ́sẹ̀ létí odò, ọmọ ìyá wọn ni. Cyperaceae ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pe ẹbí náà, oríṣi tó wà nínú rẹ̀ káàkiri ayé sì lé ní 5,000. Yorùbá sọ wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n èmi máa ń pè wọ́n lápapọ̀ ní koríko onígun mẹ́ta kí ọ̀rọ̀ lè yá.

Ẹ já ọ̀pá rẹ̀ kan, kí ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e yí i. Ọ̀pá eèsún tàbí bèrè á yí gbirigbiri. Eléyìí ò ní yí dáadáa, igun rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa kọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ gé e: kò ní ihò gbọọrọ láàárín bíi ti ọparun, kò sì ní oríkèé. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ wò ó láti òkè: ọ̀nà mẹ́ta ni ewé rẹ̀ yà sí, bí òkúta mẹ́ta ààrò tí ìyá àgbà fi ń dáná.

Kò sí ẹbí tí kì í ní aláìgbọràn, ṣá. Èyí tó ń jẹ́ Fuirena umbellata máa ń ní igun márùn-ún. Cyperus articulatus rí roboto, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ewé kankan. Ẹ má bá mi jà bí ẹ bá pàdé wọn.

Mò ń sanwó fún ẹni tó ń ro koríko, ẹ wá ní kí n gbìn ín?

Ẹ wo ibi tí ẹ ń ro yẹn dáadáa. Bí òjò bá dá, ẹrẹ̀ ló kù níbẹ̀. Bí òjò bá tún rọ̀, omi á wọ́ ẹrẹ̀ náà lọ sójú gọ́tà, gọ́tà á dí, omi á wọlé aládùúgbò. Gbòǹgbò koríko yìí ló ń di ilẹ̀ náà mú. Ọ̀pá rẹ̀ tó dúró ṣùúrù ń dá omi lẹ́sẹ̀ dúró, kí ìdọ̀tí inú omi lè jókòó kó tó débi odò.

Àgbàdo tí omi bá mu lẹ́sẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ti ń kú lọ nìyẹn, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ò rí afẹ́fẹ́ gbà. Ti koríko yìí yàtọ̀. Inú ọ̀pá rẹ̀ rí bíi kànrìnkàn, àwọn ihò tínńtín ló kún un, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà láti ojú ewé dé gbòǹgbò nínú ẹrẹ̀. Ẹ fi èékánná la ọ̀kan, ẹ ó rí i.

Ẹ wá fi ti àwọn ẹ̀dá mìíràn kún un. Èso rẹ̀ ni oúnjẹ ẹyẹ kéékèèké, ìdí rẹ̀ ni ibùba akèré, ara ọ̀pá rẹ̀ ni lámilámi ń gùn jáde nínú omi. Kí nìyẹn fi jọ íńtálọ́ọ̀kì?

Ṣé kì í ṣe dáńdá lẹ fẹ́ kó wọ inú ọgbà mi báyìí?

Ìbéèrè tó dáa jù lọ nìyí, ó sì kan èmi náà gidigidi.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ojú ń kán mi. Mo lọ bá olódòdó kan lẹ́bàá títì, mo ra koríko abò-bí-agboòrùn mẹ́rin nínú ọ̀rá dúdú, mo sì ra ilẹ̀ dúdú àpò mẹ́fà mọ́ ọn. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣóńṣó láti inú ilẹ̀ dúdú yẹn. Mo yọ̀, mo rò pé koríko mi ló ń bí. Ìyàwó mi tó dàgbà sóko ló bẹ̀rẹ̀, tó fa ọ̀kan tu, tó fi kóró dúdú kékeré tó wà nídìí rẹ̀ hàn mí: «Bàbá Délé, dáńdá lẹ rà wá sílé yìí.» Ọdún méjì gbáko ni mo fi bá a jà.

Láti 1977 ni àwọn onímọ̀ nípa èpò ti kà á sí èpò tó burú jù lọ láyé. Ìdí rẹ̀ ni pé kóró kan ò dá wà lábẹ́ ilẹ̀. Okùn tín-ín-rín ló so wọ́n pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ẹ bá fa ewé, okùn á já, kóró ìsàlẹ̀ tó ti ń sùn á jí, ibi tí ẹ ti fa ẹyọ kan tu á hu mẹ́ta. Nítorí náà, kí ẹ tó gbin koríko onígun mẹ́ta èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ wá ìdí rẹ̀. Bí kóró bíi ẹ̀wà dúdú bá wà lára okùn, ẹ dá a padà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn níbí ò ní irú kóró bẹ́ẹ̀.

Dáńdá kórìíra òjìji, kò sì fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun wà nínú omi títí. Ohun tó gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Níbi tí àwọn koríko gíga ti pọ̀ tí omi sì ń jókòó, ó lọ fúnra rẹ̀. Ibi gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló kù sí, mo ṣì ń wa ibẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ títí dòní.

Èwo wá ni kí n gbìn?

Èyí tó ti ń hù ládùúgbò yín. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí omi ní Àkúrẹ́, Ọ̀bà-Ilé tàbí Oǹdó ò ní pẹ́ rí wọn.

Níbi tí omi ti ń dé kókósẹ̀, Rhynchospora corymbosa dára. Ó ga ju èèyàn lọ nígbà míì, igun rẹ̀ mú, ó máa ń so èso aláwọ̀ ilẹ̀ wọ̀nwọ̀n tí ẹyẹ fẹ́ràn. Ẹ má gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọdé ti ń sáré, nítorí etí ewé rẹ̀ ń géni. Fuirena umbellata tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan fẹ́ irú ibẹ̀ náà. Cyperus articulatus ni kí ẹ gbìn síbi tó bá jinlẹ̀ díẹ̀ sí i. Gbòǹgbò rẹ̀ ní òórùn dídùn, àmọ́ ó ń rìn lábẹ́ ẹrẹ̀, ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un.

Cyperus haspan ni mo fẹ́ràn jù. Kò ga ju orúnkún lọ, ọ̀pá rẹ̀ rọ̀, ìtànná rẹ̀ dà bí ìràwọ̀ kéékèèké. Fún etí ọ̀nà tí ilẹ̀ ibẹ̀ kàn tutù lásán, Kyllinga erecta tó ń rá bí kápẹ́ẹ̀tì tó. Ẹ rọra wo ìdí rẹ̀ kí ẹ má lọ gbé dáńdá.

Lábẹ́lábẹ́ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ létí odò. Ẹni tí ewé rẹ̀ bá ti ya lẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ò ní bi mí ní ìdí rẹ̀.

Àwọn kan máa ń béèrè papírọ́ọ̀sì, èyí tí àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ fi ṣe ìwé. Ó lẹ́wà, ilẹ̀ Áfíríkà náà ló ti wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe koríko àdúgbò wa níhìn-ín, ó sì máa ń gba ojú omi kékeré mọ́ àwọn tó kù lọ́wọ́. Èmi ò gbìn ín.

Níbo ni mo ti máa rí i rà?

Ẹ má rà á. Ẹ lọ sí bèbè gọ́tà tàbí àkùrọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé sí, kí ẹ bẹ onílẹ̀. Kátapílà á ṣáà kó o dànù. Ẹ hú ìdì kan pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, kí ẹ gé ewé rẹ̀ kù bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí ẹ wé e sínú àpò tútù. Bó bá gbẹ lójú ọ̀nà, ó kú nìyẹn. Níbi tí koríko náà ò bá ti pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ má sì wọ igbó ọba lọ wú nǹkan kan.

Ìgbà wo ló yẹ kí n gbìn ín, báwo sì ni?

Oṣù kẹrin sí oṣù kẹfà, nígbà tí òjò ti múlẹ̀. Ohun tí ẹ bá gbìn nígbà ọyẹ́, garawa ni ẹ ó máa fi pọn omi fún un.

Ẹ má gbẹ́ kòtò olójú gbọọrọ bíi ti sókàwéè. Gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́ ẹ, bí àwo ìyán: kí etí rẹ̀ kàn tutù, kí àárín dé kókósẹ̀, kí ibi kékeré kan jìn dé ìdajì ojúgun. Ọ̀nà jíjáde ló ń wà nínú gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ yẹn. Alángbá tàbí ọmọ adìẹ tó bá já sínú kòtò olójú gbọọrọ ò ní rí ọ̀nà gòkè, ọmọ èèyàn pàápàá lè kó sí i. Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré nílé, kí ó má jìn rárá, kí ó kàn jẹ́ ẹrẹ̀.

Ẹ ya ìdì koríko sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbòǹgbò àti èéhù bíi mẹ́ta. Ìka ẹsẹ̀ ni mo fi ń la ẹrẹ̀, mo á ki gbòǹgbò sí i, mo á fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kí ẹsẹ̀ bàtà kan wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ má fi ajílẹ̀ sí i, ẹ má fi ìgbẹ́ adìẹ sí i. Ajílẹ̀ tó bá wọ inú omi ló ń bí èéhọ̀n aláwọ̀ ewé, omi á sì máa rùn. Tí ẹ bá gbin ní oṣù karùn-ún, kí oṣù kẹsàn-án tó parí, ẹ ò ní rí ilẹ̀ láàárín wọn mọ́.

Omi wo ni kí n jẹ́ kó wọ ibẹ̀? Ṣé omi bálùwẹ̀ ṣe é lò?

Omi òjò láti orí páànù ló dára jù. Omi ìfọwọ́ àti ti ìfọṣọ tí ọṣẹ rẹ̀ ò pọ̀ lè wọ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, nítorí koríko yìí máa ń jẹ nínú ohun tó wà nínú omi. Omi tí wọ́n da jíìkì sí, rárá. Omi ṣáláńgá, ẹ má tiẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Kí ẹ sì jẹ́ kí kànga yín wà ní apá òkè, kí ọgbà olómi wà ní apá ìsàlẹ̀, kó jìnnà sí i.

Ẹ̀fọn ńkọ́?

Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè.

Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri fẹ́ràn omi kékeré tí oòrùn ń ràn sí, tí kò ní ẹran tó ń jẹ tanwíjí nínú: ojú ẹsẹ̀ màlúù, ipa táyà, kòtò tí àwọn bíríkìlà gbẹ́ tí wọ́n gbàgbé. Àwọn mìíràn fẹ́ gọ́tà tó rùn, àwọn kan sì fẹ́ inú agolo àti táyà àlòkù. Bíi ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló ń gba ẹ̀fọn láti ẹyin dé ìyẹ́. Omi tó bá gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́rin ò lè bí ẹ̀fọn kankan, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ ṣe ẹrẹ̀ dípò adágún bó bá ṣeé ṣe.

Bí omi bá wá ń jókòó, ẹ kó epìyà kéékèèké mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí i. Ẹ má kó ẹja àrọ̀ sí i, á hú koríko yín, á jẹ ọmọ akèré tán. Kí ẹ sì ní sùúrù fún lámilámi, nítorí ọmọ rẹ̀ tó wà lábẹ́ omi ń jẹ tanwíjí bí ẹni jẹ gúgúrú. Nílé tèmi, inú agboorùn tó ya tí ẹnìkan jù sẹ́yìn ilé ni mo ti bá tanwíjí, kì í ṣe inú ọgbà. Ẹ máa sun nínú nẹ́ẹ̀tì, bí ẹ gbin koríko bí ẹ ò gbìn ín.

Ejò ńkọ́?

Mi ò ní parọ́ fún yín. Ibi tí akèré àti eku bá wà, okùn ilẹ̀ lè wá wò ó. Mo rí méjì láàárín ọdún mẹ́fà, àwọn méjèèjì ló kọ́kọ́ sá fún mi. Ẹ jẹ́ kí koríko náà jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé, kí ẹ gé ọ̀nà tí ẹ ń rìn mọ́lẹ̀ pátápátá, kí ẹ wọ bàtà òjò, kí ẹ má ki ọwọ́ sí ibi tí ojú ò rí. Ẹ má kó pàǹtírí oúnjẹ síbẹ̀, eku ló ń pè. Bó bá bu ẹnìkan jẹ, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Kí ẹ má fi abẹ sín in, kí ẹ má fi okùn dì í pinpin.

Àwọn ẹ̀dá wo ló máa wá gan-an?

Akèré ló máa ń kọ́kọ́ dé. Alẹ́ ọjọ́ tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá rọ̀, ariwo wọn ò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ni labalábá, aláǹtakùn, ìgbín àti alákàn. Àwọn ẹyẹ tó ń jẹ èso koríko ń bọ̀ ní òpin òjò, lékelèke sì ń wá ní ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ibi mìíràn ti gbẹ.

Ṣùgbọ́n lámilámi ni kí ẹ fojú sọ́nà fún. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ rí i tó ń fi ìdí kan omi, wọ́n ní ó ń lá omi. Abo tó ń yé ẹyin ni. Ọmọ tó bá jáde nínú ẹyin náà á máa wà lábẹ́ omi, á máa bọ́ awọ, á máa dàgbà, kò jọ lámilámi rárá. Ní àárọ̀ kan ní oṣù kẹwàá, mo jókòó lórí garawa tí mo dojú rẹ̀ dé, mo rí ọ̀kan tó gun ọ̀pá Cyperus haspan jáde nínú omi. Ó dì í mú, kò mira. Ẹ̀yìn rẹ̀ là, orí jáde, ó fi orí sorọ̀ sẹ́yìn bí ẹni tó dákú, ó wá tún gbé ara dìde, ó fa ìrù rẹ̀ yọ. Ìyẹ́ rẹ̀ ká jọ bí ewé tí wọ́n fún omi lára rẹ̀, ó ń nà díẹ̀díẹ̀. Tíì mi tutù lọ́wọ́ mi. Ó ti ju wákàtí kan lọ kó tó fò, awọ rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀pá náà di ọjọ́ kejì. Ibi tí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì tẹ́, kò sí ohun tó máa gùn.

Ẹnìkan bi mí bóyá ọ̀pọ̀lọ́ Ìdànrè máa wá. Kò ní wá. Òun nìyẹn, ọ̀pọ̀lọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí níbòmíràn láyé ju orí àpáta Ìdànrè lọ. Àwọn onímọ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1963, wọn ò tún rí i mọ́ fún ohun tó lé ní 40 ọdún, kí àwọn olùwádìí tó tún bá a pàdé lórí àpáta kan náà. Orí òkúta tí omi ń ṣàn fẹ́ẹ́rẹ́ kọjá lórí rẹ̀ ni ilé tirẹ̀.

Ilẹ̀ mi ń gbẹ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣé kò ní kú?

Ewé á pupa, á wó. Gbòǹgbò ò kú. Ẹ fi í sílẹ̀, òjò àkọ́kọ́ á jí i.

Ṣé kí n máa gé e? Ṣé mo lè dáná sun ún?

Ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta ní òpin ẹ̀ẹ̀rùn, kí ìdá méjì dúró fún àwọn tó ń gbé inú rẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ gé apá mìíràn. Èyí tí ẹ gé, ẹ tẹ́ ẹ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Iná, rárá: ìgbín ò lè sáré.

Kí ni mo máa sọ fún wolé-wolé àti aládùúgbò tó ní ilé mi ti di igbó?

Etí ni wọ́n ń wò. Ẹ gé etí rẹ̀ kó dọ́gba bí ìgbà tí bábà bá gé irun, ẹ to òkúta yí i ká, kí ẹ gbin ìlà òdòdó kan síwájú. Inú ibẹ̀ lè rí bó ṣe wù ú. Ìgbà tí mo to òkúta yí tèmi ká ni ẹni tó ń pè é ní igbó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní gádìnì. Koríko náà ò yí padà.

Ṣé mo lè fi ewé ojú omi tó ní òdòdó àlùkò yẹn (water hyacinth) kún un?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ilẹ̀ òkèèrè ló ti wá, ní 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní ojú omi Bádágìrì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn apẹja Ìlàjẹ ohun tó ti fi ojú ọkọ̀ wọn rí. Ewé kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú gọ́tà yín, inú odò ló ń lọ.

Ṣé kì í ṣe pé kí n kúkú dí i pa, kí n kọ́ bọ́ìsì kọ́tà sí i?

Ilẹ̀ yín ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti rí i: àbàtà takété bí ẹni pé kò bá odò tan. Bí Odò Àlà bá kún, àbàtà ni yàrá àlejò rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́lé sí yàrá àlejò, ẹ má yà á lẹ́nu bí àlejò bá kan ilẹ̀kùn lóru. Mo ti bá aládùúgbò kan gbé bẹ́ẹ̀dì sórí tábìlì rí, ní ilé tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ pupa típà mẹ́wàá.

Ṣé owó wà níbẹ̀?

Kò tó nǹkan. Àwọn obìnrin Ìlàjẹ ń fi koríko etí omi hun ẹní, iṣẹ́ tó gbọ́wọ́ ni. Ti ọgbà kékeré ò lè tó ẹní kan.

Ṣé ẹ lè fún mi ní díẹ̀ nínú tiyín?

Mo lè fún yín. Ẹ mú àpò wá ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wọ bàtà òjò, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó sì hú u. Ìyàwó mi ló máa wo ìdí rẹ̀ kí ẹ tó gbé e jáde.